Mo Ní Ọwọ́ Bàbá Mi Ṣì Dára

Ẹ̀yin òǹkàwé, n kò tíì sọ ọ̀rọ̀ yìí tán fún ẹnikẹ́ni rí. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀, apá kan ni wọ́n mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí àgbà nílé ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ dé etí yín, ẹ̀yin tí ẹ ń fi irọ́ kékeré tọ́jú wọn, tí ẹ sì rò pé ìfẹ́ ni.

Mouibatou ni orúkọ mi. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Akpro-Missérété, ṣùgbọ́n Tokpota ni mò ń gbé, nílé bàbá mi. Èmi àti ọkọ mi ti pín gaàrí. Ìyá mi ti kú. Èmi àti Bàbá nìkan ló kù nínú ilé.

Òkunọlá ni orúkọ bàbá mi, ṣùgbọ́n Bàbá Ṣofẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí takisí ló fi gbogbo agbára rẹ̀ wà, láti Porto-Novo dé Cotonou, láti Cotonou dé Kraké. Kò gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì rí. Tí ọkọ̀ bá kọṣẹ́ lójú títì, á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, á wọ abẹ́ rẹ̀, kò ní pẹ́ tí ọkọ̀ á tún máa kùn.

Nígbà tí mo ra ọkọ̀ àlòkù kékeré kan, inú rẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Ó ń yí i ká, ó ń fọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mouiba, ọkọ̀ yìí kò gbọdọ̀ mọ ọ̀nà garáàjì. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe sí i tí èmi ò lè ṣe? Kí ọmọ mi máa kówó fún mẹkáníìkì, tí èmi sì wà láyé?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo gbà fún un.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo kọ́kọ́ rí àmì. Bàbá ti pààrọ̀ táyà iwájú fún mi lánàá rẹ̀. Èmi àti Carine, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí mo máa ń gbé lọ síbi iṣẹ́, ti ń sún mọ́ Akpro-Missérété nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú.

Carine pariwo: "Mouiba, dúró! Táyà ń mì!"

Mo rọra yà sẹ́bàá ọ̀nà. Ọlọ́run ló ṣe é, iwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ni. Sikirou ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo táyà, ó mi orí. Nínú àwọn búlọ́ọ̀nù tó di táyà mú, kò sí èyí tó le. Ọ̀kan tilẹ̀ ti já bọ́ sọ́nà.

"Mẹtirẹ́ẹ̀sì," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń pe àwa olùkọ́ obìnrin níbí, "ta ló ṣe táyà yìí?"

"Bàbá mi ni."

"Ṣé wọ́n ti dàgbà?"

"Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún."

Ó di gbogbo búlọ́ọ̀nù náà le, ó wá dìde, ó ń nu ọwọ́ sára àkísà. "Ẹ sọ fún wọn o. Kì í ṣe pé wọn ò mọ iṣẹ́. Ọwọ́ ló ń darúgbó."

A padà sínú ọkọ̀. Carine wò mí.

"Ṣé o máa sọ fún un lóòótọ́?"

"Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?"

"Bàbá tí kò ní nǹkan mìíràn láyé ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ? Wàá pa á ni. Jẹ́ kó máa ṣe é. Tó bá ti ṣe é tán, gbé e wá fún Sikirou lọ́jọ́ kejì, kó tún un ṣe. Inú Bàbá á dùn, ìwọ náà ò ní kú. Ta ló máa pa lára?"

Ta ló máa pa lára. Títí di òní, mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, Bàbá ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró dè mí. "Báwo lọkọ̀ ṣe ṣe lónìí?"

Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀. Ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Bóyá ó ti pẹ́ tó ti ń gbọ̀n, mi ò kàn wò ó rí ni.

Ẹ má ṣe bú mi kíá. Láti ìgbà tí a ti sin ìyá mi, bàbá mi á jókòó, á kọjú sí ògiri láti àárọ̀ di ọ̀sán. Oúnjẹ tí mo bá gbé fún un, bó ṣe wà ni màá ṣe kó o. Ọjọ́ tí ọkọ̀ mi bá bàjẹ́ nìkan ni yóò dìde, tí yóò wá irinṣẹ́ rẹ̀ kiri, tí yóò máa kọrin lábẹ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ yẹn ló dá bàbá mi padà fún mi.

"Ó ń lọ geere, Bàbá," mo dáhùn. "Ọwọ́ yín ṣì dára."

Ó rẹ́rìn-ín títí àlàfo eyín rẹ̀ tó ti yọ fi hàn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹun, ó sì ní kí n bu sí i.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Irọ́ àkọ́kọ́ ló máa ń nira. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di àṣà. Bàbá á ṣe é lọ́jọ́ Àìkú, èmi á gbé e lọ fún Sikirou lọ́jọ́ Ajé. Nígbà kan, Bàbá fúnra rẹ̀ lọ sí Kraké, ó lọ ra pílákẹ́ẹ̀tì ìjánu, ìyẹn èyí tó máa ń fún àgbá táyà kí ọkọ̀ tó dúró. Ẹ̀yìn wọn pupa bí ata. Ó ń fi wọ́n hàn mí bí ọmọ tí wọ́n rán aṣọ ọdún fún.

"Ojúlówó nìyí, Mouiba. Kò sí irú èyí ní Porto-Novo."

Nígbà tí Sikirou tú táyà náà, ó ké. Bàbá ti fi ọ̀kan sí òdì. Irin ti ń jẹ irin. Ó yọ gbogbo rẹ̀ dànù, ó fi òmíràn sí i.

"Mẹtirẹ́ẹ̀sì, ẹ ò tíì sọ fún Bàbá?"

"Màá sọ."

"Mò ń gbowó lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn sí i. Bàbá rò pé àwọn ló ń ṣe ọkọ̀ yìí."

"Mo ní màá sọ, Sikirou."

Mi ò sọ.

Ohun tí mi ò rò ni pé irọ́ mi ń bọ́ bàbá mi yó. Bí ọkọ̀ mi ṣe ń lọ láìsí wàhálà, bẹ́ẹ̀ ni àyà rẹ̀ ń le sí i. Tí wọ́n bá kírun tán, á máa na ìka sí ọkọ̀ mi fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Ẹ wò ó. Ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀ látòkè délẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí á ní a ti gbó." Kò pẹ́ tí àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Ẹni yìí ní ilẹ̀kùn ọkọ̀ òun kò tì, tọ̀hún ní iná òun kò tàn. Nǹkan kéékèèké ni. Mo ń wò ó, mo ń sọ fún ara mi pé kò léwu.

Lẹ́yìn náà ló kan Pàpá Julien.

Láti ìgbà èwe ni Pàpá Julien àti bàbá mi ti ń ṣọ̀rẹ́. Ara àwọn ẹbí tó padà dé láti Brésil láyé àtijọ́ ni ẹbí rẹ̀, ẹlẹ́sìn Kátólíìkì ni wọ́n, ó sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ògiri kan ló wà láàárín ilé wọn àti tiwa. Tí a bá ṣe Iléyá, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń jẹun. Tí wọ́n bá ṣe Kérésìmesì, ọ̀dọ̀ wọn ni.

Màmá Virginie ni ìyàwó rẹ̀. Òun ló bá mi kó ẹrù mi sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kúrò nílé ọkọ. Gbogbo ènìyàn ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, kí ni mo ṣe, kí ni ọkọ mi ṣe. Òun nìkan ló wò mí lójú tó ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Ọjọ́ Àìkú kan, mo dé láti ọjà, mo bá ọkọ̀ Pàpá Julien nínú àgbàlá wa. Wọ́n ti fi kírìkì gbé e sókè. Ẹsẹ̀ bàbá mi méjèèjì nìkan ni mo rí lábẹ́ rẹ̀. Pàpá Julien dúró tì í, ó ń fi fóònù tanná fún un.

"Kí ló ṣe é?" mo bèèrè.

Bàbá dáhùn láti ìsàlẹ̀: "Ìjánu rẹ̀ ni. Kò mú dáadáa. Kò tó nǹkan."

Mo gbé apẹ̀rẹ̀ ọjà mi sílẹ̀.

Pàpá Julien yíjú sí mi. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá ẹ̀rín náà lọ. "Mouiba, Arsène ọmọ mi pè láti Cotonou. Ó ní kí n gbé ọkọ̀ yìí lọ sí garáàjì, pé ìjánu kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń dánra wò. Ìwọ lo ń wa ọkọ̀ tí bàbá rẹ ń tún ṣe. Sọ òótọ́ fún mi, ọmọ mi. Ṣé kí n fọkàn balẹ̀?"

Lábẹ́ ọkọ̀, ìró sípánà dákẹ́. Bàbá ń dúró de ìdáhùn mi.

Òótọ́ wà lórí ahọ́n mi. Mi ò tilẹ̀ ní láti sọ gbogbo rẹ̀. Kí n kàn ní, "Pàpá, ẹ gbọ́ ti Arsène," ó ti parí. Ṣùgbọ́n mo wo sálúbàtà Bàbá tó yọ síta lábẹ́ ọkọ̀. Mo wo bí ojú rẹ̀ ṣe máa rí nígbà tó bá jáde síwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Pàpá," mo ní. "Ọwọ́ bàbá mi ṣì dára."

Sípánà bẹ̀rẹ̀ sí í dún padà.

Màmá Virginie wọlé, ó gbé omi ọsàn tútù wá fún wọn. Ó wo ọkọ̀ tó gbó, ó wo àwọn àgbààgbà méjèèjì. "Ẹ̀yin yìí, ẹ ò ní jẹ́ kí ọkọ̀ yìí kú, kó lọ sinmi."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo ṣèlérí fún ara mi pé ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, tí Pàpá bá dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, màá pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí Sikirou yẹ ọkọ̀ náà wò. Ẹ rántí pé ògiri kan ló wà láàárín wa. Ǹ bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé. Ǹ bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ojoojúmọ́ ni Màmá Virginie ń kí mi láti ìta wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, mo ń kọ nǹkan sójú pátákó nígbà tí Carine yọjú sí kíláàsì mi.

"Mouiba, jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ lójú títì. Wọ́n ní ará Tokpota ni wọ́n, bàbá àgbà kan àti ìyàwó rẹ̀."

Mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Ọkọ̀ Pàpá Julien ti wọ inú igi tíìkì kan lẹ́bàá ọ̀nà, apá ibi tí Màmá jókòó sí ló gba gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń bọ̀ wá ra epo pupa lọ́jà ni. Ọkọ̀ akópákó kan yọ sójú títì, Pàpá tẹ ìjánu, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wọlẹ̀ lọ ràì, ọkọ̀ kò dúró.

Wọ́n ti tẹ́ Màmá Virginie sórí ẹní. Ẹnì kan ti fi aṣọ rẹ̀ bò ó, àti orí àti ẹsẹ̀.

Pàpá Julien jókòó sílẹ̀, ó di apá rẹ̀ tó ti ṣẹ́ mú. Nígbà tó rí mi, ó ní: "Mo tẹ̀ ẹ́, Mouiba. Mo tẹ̀ ẹ́. Àbí mi ò tẹ̀ ẹ́?"

Mo yíjú sí ibi tí wọ́n tẹ́ Màmá sí.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí yìí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti di méjì. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni Pàpá Julien ń di ẹrù náà ru ara rẹ̀. A sin Màmá tán, àwọn ènìyàn ń wá kí i, ohun kan náà ló ń tẹnu mọ́. "Ojú mi ló ti bàjẹ́. Ẹsẹ̀ mi ló ṣìnà. Èmi ni mo pa ìyàwó mi." Bàbá mi á jókòó tì í, á di ọwọ́ rẹ̀ tó kù mú. "Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, Julien. Àkọọ́lẹ̀ Ọlọ́run ni." Èmi sì wà níbẹ̀, mò ń pín omi fún àlejò.

Arsène ni kò gbà. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìsìnkú, ó mú mẹkáníìkì kan wọ àgbàlá bàbá rẹ̀, ẹni tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo gbójú sókè. Sikirou ni. Ó rí mi, ó yára gbé ojú kúrò.

Arsène ní: "Sọ fún wọn ohun tí o rí."

Sikirou wo ilẹ̀. "Ojú ibi tí òróró ìjánu ń gbà ni kò le. Òróró ti ń jò dànù láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ẹsẹ̀ Pàpá ò ṣìnà."

Gbogbo ojú yí sí bàbá mi. Ó dìde.

"Irọ́ ni! Mo dì í. Ọwọ́ ara mi ni mo fi dì í." Ó yíjú sí Arsène. "Arsène, mo bá bàbá ẹ gbé ọ jó lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ. Mi ò lè ṣe iṣẹ́ jákujàku sí ọkọ̀ Julien. Ẹ wo ti Mouiba! Láti ọjọ́ tó ti rà á, èmi nìkan ló ń ṣe é. Ṣé ìjánu rẹ̀ já rí? Mouiba, lọ gbé ọkọ̀ rẹ wá. Kí mẹkáníìkì yìí tú u, kó wo iṣẹ́ ọwọ́ mi."

Mo di kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mú pinpin lọ́wọ́.

"Mouiba! Ṣé o ò gbọ́ ni?"

Sikirou ní: "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀."

"Mi ò ní fi í sílẹ̀! Orúkọ mi lẹ ń bàjẹ́."

Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ gbé ọkọ̀ náà wá fúnra rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú táyà, sípánà sì ń yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Níṣojú gbogbo ènìyàn, ó yọ, ó tún yọ. Sikirou kúnlẹ̀ tì í, ó rọra gbà á, ó bá a tú u.

Bàbá tẹrí ba. Ó na ìka rẹ̀ sínú ibẹ̀. Ó fọwọ́ pa á, ó sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin náà.

"Pupa ni èyí tí mo rà," ó ní jẹ́jẹ́. "Dúdú ni eléyìí."

Sikirou gbé sípánà sílẹ̀.

"Mouiba. Ta ló ṣe ọkọ̀ yìí?"

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ dárí jì mí."

"Mi ò bi ọ́ ní ìyẹn. Ta ló ṣe é?"

"Sikirou ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti lé lọ́dún kan. Gbogbo èyí tí ẹ bá ṣe, mo máa ń gbé e lọ fún un kó tún un ṣe."

Mo rò pé yóò gbá mi létí. Ì bá sàn. Ó kàn jókòó sílẹ̀ nínú eruku, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè síwájú ojú rẹ̀, ó ń wò wọ́n bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni wọ́n.

"Ká ní o ti sọ fún mi ni," ó ní, "ì bá dùn mí. Ǹ bá bínú. Bóyá n kì bá tilẹ̀ bá ọ sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n n kì bá fọwọ́ kan ọkọ̀ Julien. Virginie ì bá ṣì wà láyé."

Ó yí padà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Arsène ń pariwo ọlọ́pàá. Pàpá Julien gbé ọwọ́ rẹ̀ tó dára sókè, ó dá a dúró.

"Dìde, Òkunọlá. Ọwọ́ kan ni mo ní, mi ò lè fà ọ́ dìde."

Bàbá kò dìde. Sikirou ló gbé e.

Lẹ́yìn náà ni Pàpá Julien wò mí. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀. Bóyá ohun tó burú jù níbẹ̀ nìyẹn.

"Mo bi ọ́, Mouiba," ó ní. "Ṣé o rántí? Mo bi ọ́."

Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Arsène ti mú un lọ sí Cotonou. Ilé wọn wà ní títì, koríko ti hù dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá kó gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó gbé e fún Sikirou, kò sì béèrè wọn mọ́. Mo ti ta ọkọ̀ náà. Alùpùpù ni mò ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Carine bẹ̀ mí títí nítorí ìmọ̀ràn tó fún mi, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni wọ́n bi léèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí, ẹ sọ fún wọn. Tí ojú wọn bá ti ń ṣú, ẹ sọ ọ́. Tí ọwọ́ wọn bá ti ń gbọ̀n, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ di ọwọ́ náà mú, kí ẹ sọ ọ́. Omijé tí ẹ ń sá fún lójú wọn lónìí lè di ẹ̀jẹ̀ lára ẹlòmíràn lọ́la. Mo rò pé mò ń dá ẹ̀rín bàbá mi sí. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá.

A ṣì jọ ń gbé. Kò lé mi, kò sì bú mi rí. Ó ń jẹ oúnjẹ mi, ó ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní àkókò ìrun ti tó, á jáde lọ bi aládùúgbò. Tí mo bá ka ohun tí dókítà kọ sára oògùn rẹ̀ fún un, á gbé e sílẹ̀ títí ẹlòmíràn á fi wọlé, kó tún un kà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò rọ̀ láti àárọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá fẹ́ jáde lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó ti wé láwàní rẹ̀. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ní: "Ẹ máa lọ, Bàbá. Òjò ti dá."

Ó ní: "O ṣeun, ọmọ mi."

Ó wá rìn lọ sídìí fèrèsé, ó ṣí i, ó na ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n síta, ó sì tẹ́ ẹ síbẹ̀, ó ń dúró bóyá òjò á kán sí i.